Ọdún kan láàárín òkè àti òkun

Ní Kobe, ìlú kan ní Japan, bí o bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn, ó ṣeé ṣe kó má sọ fún ọ pé kí o yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Á ní ilé ìtajà tí ò ń wá wà ní apá òkè, tàbí kí o gba ẹnu ọ̀nà apá òkun jáde ní ibùdókọ̀. Òkè Rokko ló dúró ní àríwá, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 931. Òkun ló wà ní gúúsù. Ìlú náà nà gbọọrọ sáàárín àwọn méjèèjì. Ojú irin ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló gba inú rẹ̀ lọ sí ìlú Osaka: ti Hankyu ló sún mọ́ òkè jù, ti JR wà láàárín, ti Hanshin wà ní ìhà òkun. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ èyí. Gbé ojú sókè níbikíbi tí o bá wà, òkè á sọ ibi tí o kọjú sí fún ọ.

Ìlú yìí ni mo ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ fún ọdún kan, láti ìparí ọdún 2022 wọ inú 2023. Láti Ìbàdàn ni mo ti lọ. Yunifásítì tó gbà mí wà lára òkè Rokko gan-an, ní àdúgbò Nada. Bí a bá jáde ní kíláàsì nírọ̀lẹ́, gbogbo ìlú á wà nísàlẹ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi á wà lórí òkun, bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, a máa ń rí Osaka lókèèrè.

Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ gbọ́ nípa Japan ni ti ọkọ̀ ojú irin tí kì í pẹ́ àti títì tí kò ní ìdọ̀tí. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ohun tó gba ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti dé ni ọ̀nà tí àwọn ará Kobe fi ń tọ́jú ara wọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ lógún á béèrè. Á béèrè bí o ṣe sùn, bóyá o ti jẹun, ìgbà tí ìyá rẹ pè gbẹ̀yìn, ìdí tí ojú rẹ fi rí báyìí. Ní Kobe, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ jẹ lógún lè má béèrè ohunkóhun. Iṣẹ́ kan ló máa ti ṣe sílẹ̀ kí o tó dé, o sì lè má mọ̀ láé pé ẹnì kan ló ṣe é. Ní àwọn oṣù tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni. Ó gba àkókò kí ojú mi tó là sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba. Òfin Japan sọ pé láàárín ọjọ́ 14 tí àlejò bá ti rí ibi tí yóò máa gbé, kó lọ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní kuyakusho, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò. Ti Nada wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ Rokkomichi. Yunifásítì yan akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pé kó mú mi lọ. Nígbà tó dé, ó gbé fáìlì kan dání tó ti to ẹ̀dà gbogbo ìwé mi sí, bí wọ́n ṣe máa béèrè wọn tẹ̀ léra. Ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní irú ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àlejò, kí n lè máa wò ó kọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ó ti dá lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè mọ kántà tó yẹ ká lọ. Àmọ́ lójú ọ̀nà, kò bi mí ní ohunkóhun nípa ara mi. Kò béèrè iye ọmọ tí ìyá mi bí, kò béèrè ohun tí bàbá mi ń ṣe. Èmi náà dákẹ́. A gba nọ́ńbà, a jókòó, wọ́n pè wá, ó parí.

Níbẹ̀ náà ni mo ti wọ adójútòfò ìlera: bí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni n óò san. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ mi jẹ́ yẹ̀nì 80,000 lóṣù. Ó tó jẹun, kò tó fi ra aṣọ òtútù, torí náà mo gba àṣẹ láti máa ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ àlejò kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 28 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wà nínú sáà.

Ilé búrẹ́dì kan ní ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ríṣẹ́. Kobe fẹ́ràn búrẹ́dì. Èbúté ìlú náà ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ òkèèrè ní 1868, àwọn òyìnbó tó wá ṣòwò gbé búrẹ́dì wọn wá, ìlú náà kò sì jẹ́ kó lọ mọ́. Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Hyogo, tí Kobe wà nínú rẹ̀, nígbà náà jẹ́ yẹ̀nì 960 fún wákàtí kan. Iṣẹ́ mi ni kí n to búrẹ́dì, kí n fọ páànù, kí n sì kí oníbàárà káàbọ̀ ní ohùn òkè ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ìkíni kò ni mí lára rárá. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ẹnì kan ti lẹ àmì ewé kékeré mọ́ ara káàdì orúkọ àwọn búrẹ́dì kan. Ọ̀gá obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì náà ló lẹ̀ ẹ́. Ó ti rí ìborùn mi lọ́jọ́ tí mo wá wáṣẹ́. Ó ti lọ kà nípa ohun tí Mùsùlùmí kì í jẹ, ó sì ti fóònù àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun àti ọ̀rá fún un láti mọ èyí tó ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí nínú. Búrẹ́dì tó bá ní àmì ewé, mo lè jẹ ẹ́. Kò pè mí jókòó kó ṣàlàyé. Nígbà tí mo dúpẹ́, ó ní àmì náà á wúlò fún àwọn oníbàárà mìíràn, ó sì padà sídìí ààrò. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo nu ojú mi.

Ní ti ìdọ̀tí, ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń ráhùn. Ìlú ló yan irú àpò tí a óò lò. Èyí tó ṣeé sun ní ọjọ́ tirẹ̀, agolo àti ìgò ní ọjọ́ tiwọn, bébà ní ọjọ́ tirẹ̀. O ó ṣan ike omi, o ó bó bébà ara rẹ̀, o ó yọ ọmọrí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níta kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, kó má sì sí níta láti òru. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń bo àpò náà kí kannakánná má baà tú u. Ní Nada, ìmàdò tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí Rokko ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀bá odò wọ àárín ilé, wọ́n tóbi, wọn kò sì bẹ̀rù èèyàn. Òfin ìlú kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fún wọn lóúnjẹ. Bí àpò ẹnì kan bá sun ìta, gbogbo ojúlé ló máa jìyà rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì ilé akẹ́kọ̀ọ́ wa ló máa ń ká àwọ̀n náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá ti lọ. Bó ti wù kí òtútù mú tó, á jáde, á ká àwọ̀n, á gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, á sì gbá díẹ̀ kọjá ààlà wá sí iwájú tiwa. Díẹ̀ ni. Bó bá gbá gbogbo rẹ̀, á dà bíi pé ó ń bá wa wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá gbá tiwa, èmi náà ń gbá díẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá pàdé lórí ààlà, òun á tẹrí ba, èmi á fi orúnkún kan ilẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó rò pé mo ṣubú. Mo sọ fún un pé bí a ṣe ń kí ìyá àgbà nìyẹn nílé wa. Láti ọjọ́ náà, á dúró kí n kúnlẹ̀ tán kó tó tẹrí ba tirẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa.

Ní yunifásítì, zemi ni ọkàn ẹ̀kọ́: ọ̀jọ̀gbọ́n kan, akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, tábìlì kan. Ẹnì kan á ti ka ìwé sílẹ̀, á ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn tó kù, wọn á sì yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ lè wà fún ìgbà pípẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò sáré dí i. Ẹni tó ṣáájú wọlé ni senpai, ẹni tó tẹ̀ lé e ni kohai, ọjọ́ orí kò sì dá sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Yúróòpù máa ń bínú sí ètò yìí. Èmi lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyàwó ilé ṣe tẹ̀ léra ní agbo ilé bàbá mi: ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé ni ìyálé, bí ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Mo ju senpai mi lọ, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un bó ti yẹ. Òun náà mọ ẹrù tó wà lórí ẹni tó ṣáájú. Bí a bá jáde lọ jẹun, òun ló ń sanwó. Kí n tó gbé iṣẹ́ síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, òun á ti kà á, á sì ti fi lẹ́ẹ̀dì pupa tún gbogbo gbólóhùn tó wọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gùn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ “ẹlẹ́dẹ̀” àti “ọtí” kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìlú tí mò ń gbé. Ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rá tí wọ́n di oúnjẹ sí ni mo ti ń wá lẹ́tà méjèèjì yẹn. Ọtí wà nínú ohun púpọ̀ tí èèyàn kò ní fura sí, torí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, wọ́n sì fi ń pa ẹja lára kí wọ́n tó yan án. Ṣùgbọ́n ọjà Japan kò ṣàjèjì tó bí mo ti rò. Ilá wà, wọ́n ń tà á nínú àwọ̀n kékeré, gbogbo rẹ̀ ga bákan náà. Satoimo tí wọ́n ń tà nígbà òtútù, kókò ni.

Natto ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sè tí wọ́n fi pamọ́ títí ó fi di ohun tó ń yọ̀, tó ń fà, tí òórùn rẹ̀ ń lé ọ̀pọ̀ àlejò kúrò nídìí tábìlì. Mo ṣí ike rẹ̀, irú ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Kì í ṣe pé ilé ń sọ mí. Kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú wa àti nínú natto wọn. Mo sá a sójú fèrèsé kó gbẹ díẹ̀, mo dà á sínú ẹ̀fọ́ rírò, mo fi epo pupa tí mo gbé láti ilé sè é. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ tó mú mi lọ sí kuyakusho pé kó wá jẹun. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ibaraki ni, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn natto ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní agbègbè Kobe lọ. Ó jẹ ẹ́, ó dákẹ́, ó ní òun mọ adùn yìí láti ilé ìyá òun àgbà. Ó gba abọ́ kejì. Ọjọ́ yẹn ló tó bi mí léèrè iye ọmọ tí ìyá mi bí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sannomiya ní àárín ìlú, kí n fẹsẹ̀ gun òkè Kitano lọ sí mọ́ṣáláṣí. 1935 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ní Japan. Àwọn oníṣòwò Íńdíà àti àwọn Tatar tó ti Rọ́ṣíà wá ló dáwó jọ kọ́ ọ. Ní 1945, bọ́ǹbù sun àdúgbò tó yí i ká, ó dúró. Ní 1995, ilẹ̀ mì, ó dúró. Ìpè ìrun kì í jáde sí títì, inú ilé ló mọ. Ààwẹ̀ 2023 bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí òdòdó sakura ń tanná. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Mo jókòó tì wọ́n láìjẹ, wọ́n sì fi oúnjẹ tèmi sínú ike pé kí n gbé e lọ fún ìṣínu. Lálẹ́, ní mọ́ṣáláṣí, dàbínù wà, ìrẹsì àwọn ará Pakistan wà, ọbẹ̀ àwọn ará Indonesia wà. Mo ra ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù halal, mo dín àkàrà. Àwọn ọmọdé ń sáré, àwọn obìnrin ń pariwo kí ara wọn, ẹnì kan ń fa ọwọ́ mi pé kí n wá jẹ sí i. Mo nílò ariwo yẹn ju oúnjẹ náà lọ. Mi ò lè ṣe bí ẹni pé ìtọ́jú àìsọ̀rọ̀ nìkan tó mi.

Ní aago 5:46 ìdájí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe. Èèyàn 6,434 ló kú. Nada wà lára àwọn ibi tó bàjẹ́ jù. Ìyá àgbà òdìkejì bi mí ní ọdún 2023 bóyá mo fẹ́ bá òun lọ síbi ìrántí, a sì jọ wọ ọkọ̀ ìdájí lọ sí ọgbà Higashi Yuenchi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọba ìlú ní Sannomiya. Wọ́n ti to fìtílà sílẹ̀ nínú ọparun tí wọ́n gé, tí iná wọn kọ ọdún àti ọjọ́ náà. Nígbà tó di 5:46, gbogbo èrò dákẹ́. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, àwọn òbí wọn pàápàá sì lè má tíì gbọ́njú nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo lọ sí ilé ìrántí ìmìtìtì ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2002 nítòsí òkun. Àwọn tí ó ṣojú wọn ló ń sọ ìtàn níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí wọ́n yọ láàyè lábẹ́ ilé tó wó, aládùúgbò àti ẹbí ló yọ wọ́n, kí àwọn panápaná àti ọmọ ogun tó dé. Ní Hokudan, ní erékùṣù Awaji tó sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti ya, wọn kò wá ẹnikẹ́ni kiri. Wọ́n mọ yàrá tí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń sùn sí nínú ilé rẹ̀. Ibi tí orí ẹni náà máa wà gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, kí ọjọ́ náà sì tó ṣú wọ́n ti rí gbogbo èèyàn wọn.

Mo sọ èyí fún ìyá àgbà nígbà tí a ń gbálẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní yàrá kejì láti apá òkun, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni tèmi, àti pé mo máa ń tan iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Àsùbáà ni mo máa ń jí kí. Kò wọ ilé wa rí. Kò béèrè rí lọ́wọ́ mi nípa yàrá, nípa ìrun, nípa ohunkóhun. Obìnrin tí mo rò pé kò mọ̀ jù pé mò ń gbálẹ̀ ti mọ ibi tí wọn yóò ti gbẹ́ bí ilé bá wó lù mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí irú ìtọ́jú yìí káàkiri. Mítà gáàsì ilé wa máa ń pa ara rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì gan-an. Àwọn bàbá àgbà tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ń dúró ní ìkóríta láràárọ̀ títí ọmọ ilé ìwé tó kẹ́yìn á fi kọjá, wọ́n sì mọ ọmọ tí kò wá. Odò Toga kọjá nítòsí ilé wa, àwọn ọmọdé sì máa ń ṣeré nínú rẹ̀ nígbà ooru, torí omi rẹ̀ kì í dé orúnkún. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2008, òjò ńlá rọ̀ lójijì, omi ya wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn márùn-ún kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n ri iná ìkìlọ̀ mọ́ ẹ̀bá odò náà lẹ́yìn èyí. Bí ìkìlọ̀ òjò bá ti jáde, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí oòrùn bá tilẹ̀ ń ràn lórí odò. Mo ti rí àwọn ìyá tó ká ẹní wọn nílẹ̀, tí wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́ jáde láìjiyàn.

Ṣùgbọ́n ètò tó ti ronú ohun gbogbo sílẹ̀, bí kò bá ronú kàn ọ́, kò síbi tí wàá wọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Indonesia, fẹ́ kúrò ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ilé tirẹ̀. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ ejẹ́ńtì. Owó àsansílẹ̀ rẹ̀ pé, onídùúró rẹ̀ wà, ó gbọ́ èdè Japan dáadáa. Ejẹ́ńtì fún wa ní ìjókòó tó dára, ó gbé tíì gbígbóná síwájú wa, ó fóònù onílé, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó tẹrí ba fún wa, ó ní onílé kò gba àlejò òkèèrè. Ilé kejì náà bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Mo bínú lọ́jọ́ yẹn, inú mi kò sì tíì yọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi dì í kò sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Àwọn mìíràn sì ń béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè wọn sì kún fún ayọ̀. Bí mo bá ní Nàìjíríà ni mo ti wá, àwọn àgbà á dárúkọ Bobby Ologun, ọmọ Nàìjíríà tó di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Àwọn ọ̀dọ́ á dárúkọ Rui Hachimura, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n bí ní Toyama, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Benin. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn Yorùbá wà ní Benin náà, inú wọn á dùn bíi pé a ti di ìbátan.

Ní zemi wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣàdédé dẹ́kun wíwá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo bi senpai léèrè. Ó ní ó rẹ̀ ẹ́, ó yẹ ká fi í sílẹ̀ kó sinmi. Wọ́n ń ṣe àkọsílẹ̀ kíláàsì fún un, wọ́n ń to bébà rẹ̀ sínú fáìlì, wọ́n fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Mo rí gbogbo ìyẹn, mo sì mọ ohun tó jẹ́ nígbà yẹn. Síbẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ pé ojúgbà mi wà nínú yàrá lóun nìkan kí n má kan ilẹ̀kùn. Mo gbé búrẹ́dì lọ. Mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn, mo rí i pé iná ń tàn. Mo so àpò náà mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo kọ ọ́ sí bébà pé èmi ni, pé mò ń béèrè rẹ̀, pé kò pọn dandan kó fèsì. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí búrẹ́dì bá ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ kan, mo bá ọsàn kéékèèké nínú àpò lára ọwọ́ ilẹ̀kùn tèmi. Nígbà tó padà sí zemi, kò sọ ohun tó ṣe é, mi ò sì béèrè. Ó jókòó tì mí. Nígbà tí a jáde, ó ní òun máa ń dúró de ìró ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn.

Senpai gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó bi mí bóyá èèyàn kì í bínú nílé wa bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Mo ní wọ́n máa ń bínú, a sì máa ń kàn án náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ni mo kúrò. Èèyàn kì í kàn dìde lọ ní Japan. O ó padà sí kuyakusho lọ sọ pé ò ń lọ, o ó san gbèsè adójútòfò, o ó sì fi káàdì àṣẹ ìgbé rẹ hàn ní pápákọ̀ òfuurufú kí wọ́n lu ihò sí i. Ìkòkò ìrẹsì oníná, kẹ̀kẹ́, tìmùtìmù àti abọ́ tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú mi, mo sì ní láti fi wọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọmọ Malaysia kan ló gbà á. Mo kọ ọjọ́ ìdọ̀tí sílẹ̀ fún un, mo kọ ibi tí ilá ti pọ̀, mo kọ orúkọ àwọn ọbẹ̀ inú ìgò tí kò ní ọtí. Mo fi ààlà ibi tí à ń gbá dé hàn án, mo sì mú un kọjá sí òdìkejì kó lọ kí ìyá àgbà. Ìyá àgbà bi í léèrè, ìbéèrè tí kò bi mí rí, bóyá òun náà máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìmàdò ń rìn lójú títì ibí yìí. Mo ní òótọ́ ni: bó bá pàdé rẹ̀, kó má sáré, kó má gbé oúnjẹ sọ́wọ́, kó rọra kúrò lọ́nà fún un, kó sì gba apá òkun lọ.